Ta Ló Jókòó Lórí Àga Ọkọ Ìyàwó?

Bí ẹ bá dé Ẹ̀sìẹ́ lásìkò kajú, kí ẹ máa wo ilẹ̀ dáadáa. Kò sí ojúde tí wọn kì í sá kajú sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ilé Rájí, tó wà lára àwọn tó ń ra kajú jù nílùú, yóò fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn ni. Rájí kì í bínú sí àlejò tó pẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá tẹ kajú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló máa ń bínú sí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Rájí àti àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde náà. Fulera ìyàwó rẹ̀, tó máa ń ṣe òrí tà, wà níbẹ̀. Hamidah, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, wà níbẹ̀. Ikrimah, àbúrò ọkọ Hamidah, ti gun ọ̀kadà láti Òrò wá. Wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín kajú, wọ́n sì da fọ́tò ìgbéyàwó Hamidah sórí rẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣa èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí Kánádà.

Usamah, ọkọ Hamidah, ló wà ní Kánádà. Ọmọ Bẹ̀llò ará Òrò ni, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti gba ìwé ìgbélùú níbẹ̀. Ìjọba wọn gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ìyàwó rẹ̀ wá bá a, bí ó bá lè fi hàn nínú ìwé pé ìyàwó rẹ̀ ni lóòótọ́.

Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n so yìgì wọn. Nínú ọdún méjì náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni tọkọtaya yìí fi rí ara wọn sójú, nígbà kan tí Usamah sáré wálé. Ìyókù, orí fóònù ni. Hamidah kì í ráhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe máa ń nu ojú fóònù rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó pè, ẹ ó mọ̀ pé àárò ń sọ ọmọ náà gidigidi.

Fulera mú fọ́tò kan nílẹ̀, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ikrimah ló jókòó lórí àga ọkọ ìyàwó nínú fọ́tò náà. Agbádá tí wọ́n rán fún Usamah ló wọ̀. Usamah sanra, ó sì ga. Ikrimah tín-ín-rín. Agbádá náà ti gbé e mì, orí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè.

"Ẹ wò ó," ni Fulera wí, "bí ìgbà tí èèyàn sá aṣọ sórí ọ̀pá."

Ikrimah ní òógùn tó wà lára òun lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ilẹ̀ wa, ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe pé ọmọdébìnrin náà fẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ ìyàwó bá wà lókè òkun tí ọ̀gá rẹ̀ kò fún un ní àyè, a kì í tìtorí ìyẹn sọ pé kí ìgbéyàwó má wáyé. Ará ilé ọkọ kan yóò jókòó lórí àga rẹ̀, yóò ṣe wákílù rẹ̀, yóò sọ pé òun gba ìyàwó yìí lórúkọ rẹ̀, àwọn àgbà yóò sì ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìyá Bẹ̀llò, ìyá àgbà Usamah, ló fà á tí wọn ò fi lè dúró. Àìsàn dá màmá náà dùbúlẹ̀, ó sì ní òun kò ní kú láìrí ìgbéyàwó Usamah. Ni wọ́n bá sáré so yìgì. Ẹnì kan na fóònù sókè kí Usamah lè máa wò wọ́n láti Kánádà, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì já gan-an nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé owó sàdáàkì sílẹ̀.

Màmá náà ṣì wà títí di òní o. Iyán ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Hamidah kó ìwé rẹ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán, sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Abdulganiyu tó wà nítòsí gáréèjì. Èèyàn dáadáa ni Abdulganiyu, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń bá wa kún fọ́ọ̀mù ìdánwò, fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù, fọ́ọ̀mù Mẹ́kà. Bí wọ́n bá sọ lọ́la pé fọ́ọ̀mù àlùjánnà ti jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo Ọ̀mù-Àrán máa tò sí. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí.

Wọ́n kún fọ́ọ̀mù Kánádà náà dé ìdajì. Ló bá ku ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó yín, ṣé ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀ fúnra yín?

Ọwọ́ Hamidah gbọ̀n.

"Kọ bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀," ni Abdulganiyu sọ.

"Ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀. Àbúrò wọn ló jókòó dè wọ́n."

"Ṣé fóònù wọn ò sí níbẹ̀ ni? Ẹni tí a rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, ó wà níbẹ̀. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

Hamidah ní fọ́tò ńkọ́, níwọ̀n bí Ikrimah ti wà nínú gbogbo rẹ̀. Abdulganiyu ní kí ìyẹn má dà á láàmú. Ó gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó yọ orí Usamah nínú fọ́tò mìíràn, ó sì gbé e lé ọrùn Ikrimah. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde tán, orí ńlá náà jókòó sórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí elégédé tí wọ́n gbé lé orí ọ̀pá.

Hamidah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó bẹ Abdulganiyu pé kó má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Abdulganiyu ní kò burú, àmọ́ kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé Usamah ti ń pè é láti Kánádà pé kó tètè ṣe é.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ náà, Hamidah ro gbogbo rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn lọ bi lọ́yà léèrè kí àwọn tó kọ nǹkan kan.

Rájí gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́yà? Ta la bá ṣẹjọ́?"

Kí ẹ tó dá Rájí lẹ́bi, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí lọ́yà wọ ọ̀rọ̀ ilé wọn, lórí oko bàbá rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ni ẹjọ́ náà fi wà ní kóòtù. Nígbà tó máa fi parí, igbó ti kún oko, àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́ ti kú tán, àwọn lọ́yà méjèèjì nìkan ni wọ́n ṣì ń kí ara wọn. Láti ìgbà yẹn, lójú Rájí, ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, yálà ó ṣẹ̀ ni tàbí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní bí àwọn ará ìlú bá rí Hamidah ní ọ́fíìsì lọ́yà, wọ́n á ní ọmọ Rájí fẹ́ kọ ọkọ.

Wọ́n pe Usamah. Òun náà ní kò sí ohun tí lọ́yà fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ ará Ṣàrẹ́, fúnra rẹ̀ ló kún fọ́ọ̀mù ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti dé.

Hamidah béèrè pé, "Ṣé ọ̀rẹ́ yín jókòó níbi ìgbéyàwó tirẹ̀?"

Usamah dákẹ́. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já lọ́tẹ̀ yìí.

Fulera ló wá bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Hamidah, bí ẹ bá fẹ́ ra àpò kajú kan, ẹ máa ń mú bíi mélòó kan nínú rẹ̀, ẹ ó là á wò, kí ẹ tó sanwó. Ṣé ẹni tó la kajú wò ti bá olóko jà ni?"

Rájí ní rárá.

"Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí wò náà. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá a wí, kí ló kù tó lè sọ? Rájí gbà, ṣùgbọ́n ó ní ó di dandan kí ẹnikẹ́ni má rí àwọn.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Rájí fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà dé ọ́fíìsì Lọ́yà Ọ̀ṣuntóyìn, obìnrin ará Òmùpo kan tí àwọn èèyàn ń yìn fún òótọ́ inú. Rájí ṣílẹ̀kùn, ó sì bá ọkùnrin mìíràn lórí bẹ́ǹṣì tó fa fìlà tirẹ̀ náà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ààfáà Àhmádù ni, ẹni tó so yìgì Hamidah gan-an.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ààfáà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé ilẹ̀ ilé kéwú ni òun ní kí lọ́yà bá òun kà, pé òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ o. Rájí ní òun náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ o. Nígbà tí Rájí wá ro ìdí tí wọ́n fi wá fún un, ó rọ̀ ọ́ pé kó bá àwọn wọlé, nítorí pé òun ló so yìgì náà. Bí wọ́n ṣe di mẹ́rin nìyẹn.

Lọ́yà Ọ̀ṣuntóyìn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hamidah gbé fọ́tò tí Abdulganiyu tún ṣe lé e lọ́wọ́. Lọ́yà wò ó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omi ẹ̀rín kúrò lójú, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá kí ẹ tó fi èyí ránṣẹ́," ló sọ. "Bí àwọn òṣìṣẹ́ Kánádà bá rí i pé ẹ parọ́, kì í ṣe pé wọ́n á kàn dá ìwé yín padà. Wọ́n lè sọ pé kí Hamidah má tún kọ̀wé béèrè títí ọdún márùn-ún yóò fi pé."

Ọdún márùn-ún. Ọdún méjì tó ti dá wà lójú fóònù ni Hamidah rántí, ó sì fi márùn-ún kún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí fọ́tò náà. Fulera di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Rájí alára, tí kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀, ti fìlà rẹ̀ sókè kúrò lójú, kò rántí pé òun ń sá pamọ́ mọ́.

Ó bi lọ́yà pé èló ni yóò gbà láti bá wọn ṣe é.

"Mi ò ní gbà á," ni Lọ́yà Ọ̀ṣuntóyìn dáhùn. "Lọ́yà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ni mo mọ̀. Bí mo bá gba owó yín lórí òfin Kánádà, mo rẹ́ yín jẹ ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kí Usamah lọ bá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ tó ń gbé, tàbí agbaninímọ̀ràn tí ìjọba ibẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ. Orúkọ wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni èèyàn fi ń wò ó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bó mọ ọ̀rọ̀ í sọ bí ẹyẹ, kí ó má fún un ní kọ́bọ̀."

Ó tún ṣàlàyé pé ìjọba Kánádà kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti gba lọ́yà. Ọ̀rẹ́ Usamah tó kún tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ rárá. Ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ wà níbi ìgbéyàwó wọn, tí wọn kò bá ẹlòmíràn gbé rí, tí ìjọba náà kò kọ ìwé wọn rí, tí orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn bára mu nínú gbogbo ìwé, irú wọn lè fara balẹ̀ ka ìlànà, kí wọ́n sì kún un fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ́ níbì kan ló gba pé kí èèyàn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Rájí ní, "Lọ́yà, àwa tí a kò mọ òfin, báwo la ṣe máa mọ ibi tó ti wọ́?"

Lọ́yà Ọ̀ṣuntóyìn yíjú sí Hamidah. "Ìbéèrè wo ni ọwọ́ rẹ gbọ̀n nígbà tí o fẹ́ dáhùn?"

Hamidah sọ ọ́.

"Ibẹ̀ ló ti wọ́, Àlhájì. Ọwọ́ ọmọ yín ti mọ̀ kí ẹ̀yin tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi pé ó ní kí Fulera bá òun wá òrí gidi fún orúnkún ìyá òun. Fulera ní bí ó bá ṣe odindi igbá kan ló fẹ́, yóò rí i gbà.

Ní Kánádà, Usamah wá lọ́yà kan rí ní iléeṣẹ́ kan tó ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́. Kó tó jókòó tì í, ó wo orúkọ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn tún péjọ sábẹ́ igi máńgòrò, Ààfáà Àhmádù náà wá, wọ́n sì gbé fóònù ti ìdí igi kí wọ́n lè máa rí Usamah.

Usamah ní lọ́yà náà sọ fún òun pé, lójú òfin Kánádà, bí ọ̀kan nínú àwọn méjì kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, wọn kì í fi ìgbéyàwó náà mú ìyàwó tàbí ọkọ wọ ìlú. Fóònù kì í ṣe ara. Ká ní Hamidah kọ òótọ́, wọn ìbá dá ìwé náà padà. Ká ní ó sì kọ irọ́, ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún nìyẹn.

Rájí ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọmọ mi kò tíì lọ́kọ?"

Ààfáà Àhmádù ló dá a lóhùn. "Rájí, fọkàn balẹ̀. Yìgì tí mo so kò tú. Wákílù tọ́ nínú ẹ̀sìn wa. Ìjọba Kánádà kò bá wa jà lórí ẹ̀sìn, ìwé tiwọn ni wọ́n ń béèrè."

Hamidah sún mọ́ fóònù. "Ṣé ọ̀nà wà?"

"Ọ̀nà wà," ni Usamah fèsì. Ẹ̀rín ti wà lójú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Wọ́n ní kí n wálé wá gbé ọ níyàwó lójú ara mi. Lẹ́yìn náà la ó kọ fọ́ọ̀mù tuntun, a ó sì ṣàlàyé ti àkọ́kọ́ bó ṣe rí gan-an, láìfi nǹkan kan pamọ́."

Fulera wò yíká. "Ṣé ohun tí gbogbo wa fajú ro sí nìyí, pé wọ́n ní kí a tún ìyàwó ṣe?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ wí fún mi, ìgbà wo ni ẹ gbọ́ ọ rí pé ọmọ Ìgbómìnà sunkún nítorí pé wọ́n ní kó tún ìyàwó ṣe?

Lọ́yà Ọ̀ṣuntóyìn fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin Nàìjíríà ni wọ́n máa ṣe, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, ibi tí wọ́n ti máa gba ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé mọ̀. Hamidah lọ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ìkéde náà gbọ́dọ̀ wà lára pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lè so wọ́n pọ̀. Lọ́yà sì kìlọ̀ fún Usamah pé irú ìgbéyàwó yìí kò gba ìyàwó kejì. Usamah ní èyí tí òun ní gan-an, òun kò tíì rí i jókòó tì tó.

Oṣù kẹjọ ni Usamah dé, nígbà tí iṣu tuntun ti kún ọjà. Ìyàwó ọlọ́dún méjì lọ pàdé ọkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, ojú sì tì í bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe ọkọ fún. Wọ́n gbé agbádá ọjọ́sí jáde láti inú àpótí. Usamah wọ̀ ọ́, ó sì gbé òun náà mì, nítorí pé iṣẹ́ àti oúnjẹ àdáṣe ti fa ọkùnrin náà gbẹ. Fulera ní agbádá yìí kò ní rí ẹni tó bá a mu láyé. Télọ̀ ló gbà á là.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, yàrá ìjọba ìbílẹ̀ kún dẹ́nu. Àga méjì wà níwájú. Hamidah jókòó lórí ọ̀kan. Ikrimah ti lọ jókòó sórí èkejì, àwọn èèyàn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ibi tó mọ̀ jùbẹ̀ lọ. Bí Usamah ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ni Ikrimah dìde. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu àga náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ọdún méjì ni mo ti ń bá yín jókòó sórí àga yìí. Ẹ wá gbà á o."

Usamah gbé e dìde, ó sì jókòó. Èjìká rẹ̀ kan èjìká Hamidah. Inú Hamidah dùn débi pé nígbà tí akọ̀wé ìjọba béèrè bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó ti dáhùn kí ìbéèrè náà tó parí. Rájí fi etí agbádá nu ojú, ó ní eruku ni. Ìyá Bẹ̀llò, tí wọ́n gbé àga tirẹ̀ sí iwájú pátápátá, ní òun sọ pé òun kò ní kú láìrí ìgbéyàwó ọmọ yìí, òun ti wá rí i lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kí wọ́n wá ọmọ wá kí òun tún máa retí ìyẹn.

Abdulganiyu ló ya fọ́tò. Orí olúkúlùkù wà lọ́rùn olúkúlùkù. Ó ti lẹ ìwé kan mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: *A ń bá yín tẹ fọ́ọ̀mù ni. Ẹ lọ bi ẹni tó mọ òfin.*

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni Hamidah àti Usamah ti kún fọ́ọ̀mù tuntun, lẹ́yìn tí lọ́yà Kánádà ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìgì àkọ́kọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi fọ́tò Ikrimah inú agbádá tì í. Wọ́n dé ibi ìbéèrè ọjọ́sí: ṣé ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀ fúnra yín? Hamidah wo Usamah tó jókòó tì í. Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí Hamidah ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Rájí ló kù tí a ń bá fà á. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbé dé ojúde kajú tí kò ní béèrè pé, "Ṣé ẹ ti bi lọ́yà?" Ẹnì kan tó fẹ́ ra òbúkọ lásán, Rájí ní kó lọ bi lọ́yà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe ṣe é tó ti Rájí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá wà lókè òkun, tí ẹ sì fẹ́ lọ bá a, ẹ mọ̀ pé bíbi lọ́yà léèrè kì í ṣe ẹjọ́, kì í sì í ṣe ìtìjú. Òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ó sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ má fi ti ará Ṣàrẹ́ díwọ̀n ti ará Òrò. Bí ọ̀rọ̀ yín bá tọ́ gbọọrọ, ẹ lè kún ìwé yín fúnra yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín gba owó lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wákílù ló dúró fún ẹnì kan nínú yín, tàbí ẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn rí, tàbí wọ́n ti kọ ìwé yín rí, tàbí orúkọ yín kò bára mu, ẹ wá lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ ní ìlú tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ irọ́ tàbí tún fọ́tò ṣe, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa mú.

Bí ọwọ́ yín bá sì gbọ̀n lórí ìbéèrè kan, ẹ gbé kálàmù sílẹ̀, ẹ lọ béèrè. Àga ọkọ ìyàwó kò ní sá lọ. Ẹni tó ni ín ni kí ẹ dúró dè.